Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Dán An Wò?

Àwọn àgbà ní ìbọn tó lápátí, ìbọn tí kò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Gbogbo wa la máa ń pa òwe yìí, a sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bí kò bá sí ẹni tí yóò gbà kí wọ́n kọjú ìbọn sí òun, tí kò sì sí ẹni tí ó ń dù láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fa apátí ìbọn tuntun, báwo wá ni a ó ṣe mọ̀ pé ìbọn náà dára, pé ọta inú rẹ̀ yóò sì lọ síbi tí a rán an? Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dán an wò. Ta ni ẹni náà? Gbèsè wo ni ó sì jẹ àwa tí a ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́?

Ní Òkè-Ògùn, ìbéèrè yìí kì í ṣe ìtàkurọ̀sọ lásán. Láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, títí lọ kan Ìgbòho àti Kìṣí, pápá ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ojú ń ríran jìnnà, ẹran a sì máa rí ọdẹ kí ọdẹ tó sún mọ́ ọn. Ọdẹ tí ó gbé ṣakabùlà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ní láti yìn ín. Kí ó tó tún da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, kí ó ki àkísà bọ̀ ọ́, kí ó ju ọta sí i, kí ó tún fi ọ̀pá gún un, ẹtu tí ó ń dọdẹ rẹ̀ ti dé ìlú kejì. (Ẹ má jẹ́ kí àmì ohùn ṣì yín lọ́nà o: ẹ̀tù la ń kì sínú ìbọn, ẹtu la ń fi í pa.) Ọta kan yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọta tí a mọ ìwà rẹ̀.

Àwọn kan ń gé irin wẹ́wẹ́ kì í. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ń yọ́ òjé. Òjé kì í pẹ́ yọ́. Bí iná bá ti mú un gbóná tó 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó di omi. Wọ́n á dà á sínú ihò, á dì. Ó rọrùn lójú, àmọ́ ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Bí afẹ́fẹ́ bá há sí i nínú, ẹ̀gbẹ́ kan á wúwo ju ìkejì lọ. Bí ọta bá kéré jù fún ọ̀pá ìbọn, á máa gbá síhìn-ín gbá sọ́hùn-ún nínú rẹ̀ bí ẹ̀kùrọ́ nínú agbè, ibi tí ó bá sì gbá kẹ́yìn ni yóò pinnu ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Bí ó bá tóbi jù, kò ní wọlé dé ìdí. Bí àyè bá sì ṣẹ́ kù láàárín òun àti ẹ̀tù, ọ̀pá ìbọn lè bẹ́. Inú ṣakabùlà ń dán bọ̀rọ́ ni. Kò ní ìlà yíyípo tí ń mú ọta pòòyì bí òkòtó, èyí tí ó ń mú ọta ìbọn àwọn sójà lọ tààrà. Ìdí nìyẹn tí ọta roboto fi bá a mu; ẹlẹ́nu ṣóńṣó á kàn máa ta tàkìtì lójú ọ̀nà ni. Ẹ má sì rò pé àwa la fúnra wa yàn láti dúró ti ìbọn àtijọ́. Ní 1890, nínú ìpàdé ní Brussels, àwọn ìjọba òyìnbó fẹnu kò pé irú ìbọn alátẹnukì tí inú rẹ̀ ń dán, olókùúta ìṣáná, ni kí wọ́n máa tà ní apá tí ó pọ̀ jù ní Áfíríkà.

Ní Ṣakí, níbi tí òkè Aṣabàrí ti ń wo gbogbo ìlú, mo jókòó ti alágbẹ̀dẹ kan tí ń rọ ìbọn. Bí ó bá parí ọ̀kan, á dè é mọ́ igi, á ki ẹ̀tù tí ó ju ti ojoojúmọ́ lọ sí i, á so okùn gígùn mọ́ apátí, á wá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri kó tó fà á. Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ rọ ọ́ náà ń sá fún un?” Ó ní, “Èmi tí mo rọ ọ́ ló yẹ kí n sá fún un jù. Ṣé ẹni tó fẹ́ rà á ni kó wá bá mi mọ ibi tí mo ti kù díẹ̀ káàtó?”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn tí ń rọ ìbọn ní Lọ́ńdọ̀nù gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba ní 1637, wọ́n sì di ẹni tí ń fi ẹ̀tù àpọ̀jù dán ọ̀pá ìbọn wò kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sí i. Birmingham gba ilé ìdánwò tirẹ̀ nípa òfin ní 1813. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, Birmingham ti ń kó ìbọn ránṣẹ́ sí etíkun wa lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì ń fi í ra ènìyàn. Lord Shelburne, ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1766 pé ó ju ìdajì nínú wọn tí ń bẹ́ mọ́ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yìn ín lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó bù mọ́ ọn. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́wàá péré, a ti mọ ẹni tí ó ń bá wọn ṣe ìdánwò: ọwọ́ àti ojú àwọn baba wa ni. Ọmọ olọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru.

Mo sọ ti òyìnbó tán, ó ku tiwa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta ọta òjé mú pákó jáde fún mi lọ́jọ́ kan. Ihò kan ṣoṣo wà láàárín gbùngbùn rẹ̀. Mo ní mélòó ló yìn? Ó rẹ́rìn-ín. Ọdẹ àgbà kan tó wà níjòkòó ló dá mi lóhùn, ó ní, “Ẹ lọ bi igi tó wà lẹ́yìn pákó.”

Ṣé irọ́ ni ọmọ yẹn pa? Kò sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ọta rẹ̀ dá ihò náà lóòótọ́. Àwọn kan á ní ọjà ló ń polówó, kò sẹ́ni tí í polówó àbùkù ọjà rẹ̀. Lójú tèmi, irọ́ ni, irọ́ tí ó burú ju ti ẹnu lọ pàápàá, nítorí pé ó wọ aṣọ ẹ̀rí. Ẹni tó bá fi ọta mẹ́wàá dán an wò tí ó fi ọ̀kan hàn wá, kò dán nǹkan kan wò fún wa. Ẹran tí ọta mẹ́sàn-án yòókù bá ṣe léṣe, tí ó wọ igbó lọ kú sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní jẹ ẹ́, òun ló ń san owó pákó náà.

Ọ̀rọ̀ ayẹta kò jìnnà síbẹ̀. Léraléra ni ìwé ìròyìn ń gbé e pé ẹnìkan ní kí ọ̀rẹ́ òun yìnbọn lu òun láti dán oògùn wò, tí ó sì kú. Bí ìbọn kò bá dún, wọ́n á ní oògùn jẹ́. Bí ó bá dún tí ó pa á, wọ́n á ní ó jẹ èèwọ̀ ni. Ọ̀nà wo ni oògùn yẹn lè gbà kùnà? Ìdánwò tí kò lè já, a kò gbọ́dọ̀ pè é ní ìdánwò. Ní Tanganyika, láti 1905 sí 1907, àwọn tí wọ́n dìde sí ìjọba Jámánì gbà pé omi kan tí wọ́n ń pè ní maji yóò sọ ọta di omi. Ẹ̀gbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló bá ogun náà àti ìyàn tó tẹ̀ lé e lọ.

Mo sọ èyí fún ọdẹ àgbà náà, kò sì gbà fún mi kíákíá. Ó ní, “Ẹ̀yin ará ìlú ńlá, ẹ fẹ́ràn iyèméjì. Ẹni tó ń lọ bá ajínigbé nínú igbó lóru, tó gbé ṣakabùlà dání, tí ti àwọn yẹn ń yìn ọgbọ̀n léra wọn, kí ni ẹ fẹ́ kó mú lọ? Ìwé ìṣirò?” Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, àwọn ọdẹ pọ̀ lára àwọn tí à ń rán sínú igbó nítorí kí àwa lè sùn. Ìgboyà kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹni tó jókòó sídìí tábìlì máa fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè: ìgboyà ta ni à ń sọ? Bí ọdẹ bá mọ̀ pé ọta òun kì í lọ tààrà kọjá ogójì ìṣísẹ̀, tí ó sì tún lọ, ìgboyà tirẹ̀ nìyẹn. Bí a bá fi ibẹ̀ pa mọ́ fún un, àwa la fi ẹ̀mí rẹ̀ gbóyà.

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ìṣòro kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ dán an wò. Owó ni. Ọta kan tí a yìn sí pákó, ẹran kan tí a kò rí pa ni. Tálákà ọdẹ ni kì í dán ọta rẹ̀ wò, ó ń dá a wò lára ẹran, tàbí lára ọ̀tá. Mo ní bí ẹgbẹ́ ọdẹ bá lè dáwó ra ajá fún Ògún lọ́dọọdún, wọ́n lè dáwó ra ẹ̀tù ìdánwò, kí gbogbo ihò, èyí tó bọ́ sáàárín àti èyí tó ṣìnà, sì wà lára pákó kan náà ní ojúde.

Ó wò mí, ó ní, “Ṣé ẹ mọ iye tí ẹ̀tù di báyìí? Ó ti wọ́n ju ajá lọ.”