Ẹni Tó Polówó Kọ́ìnì Ti Ṣe Onígbọ̀wọ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì CBEX, ilé iṣẹ́ kan tó ń gba owó ìdókòwò, ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, wọ́n sì ń ru àga àti ẹrù ọ́fíìsì jáde. Owó wọn ti há. Ohun tí wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó fi owó sílẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kan tó gbọ́n ju èèyàn lọ ni yóò máa bá wọn ṣòwò kírípítò, pé láàárín bí oṣù kan, ọgọ́rùn-ún yóò di igba. Nígbà tí owó kò ṣeé gbà jáde mọ́, ìkéde tó tẹ̀ lé e ni pé kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó $1,000 tún san $100 sí i, kí ẹni tí tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ san $200, kí wọ́n lè fi dá a mọ̀ pé òun gan-an ló ni àkáǹtì rẹ̀.

Àwọn kan ń bú àwọn tó pàdánù pé ojúkòkòrò ló mú wọn. Àwọn mìíràn ń bú àwọn tó ru àga. Ọ̀rọ̀ tèmi kò sí lọ́dọ̀ ìkankan nínú wọn. Ẹni tó dúró láàárín ni mo ń wò: ẹni tó gbé e sórí status WhatsApp rẹ̀, tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó dúró ṣàlàyé fún àwọn ìyá ìjọ lẹ́yìn ìsìn. Òun ló polówó. Láìsí òun, ẹni tó dá sogúndogójì sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kò lè mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ìyá aláṣọ kan ní Gbági.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ kírípítò ni gbájúẹ̀. Bitcoin ti wà láti ọdún 2009, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa sì ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ gba owó iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ará òkèèrè. Báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà lé e kúrò ní báńkì ní oṣù kejì ọdún 2021, ó tún ṣí ilẹ̀kùn fún un ní oṣù kejìlá ọdún 2023, òwò náà kò sì dáwọ́ dúró láàárín ìgbà méjèèjì. Nínú òwò yìí ni iṣẹ́ tuntun kan ti yọ: iṣẹ́ ìpolówó tókìn, ìyẹn kọ́ìnì kírípítò tuntun. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì lè máa ṣe é láti inú yàrá rẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ tàbí ní Yábàá fún ọ̀gá tí kò rí rí. Ó ń bójú tó ẹgbẹ́ Telegram, ó ń wá gbajúmọ̀ tí yóò gbé ọjà náà ga, ó ń ka ọjọ́ fún èrò títí di ọjọ́ tí tókìn yóò jáde. Àṣìṣe tí wọ́n ń kọ́ ọ pé kó yẹra fún ni kí tókìn jáde lásìkò tí ọjà dákẹ́, kí ọmọlẹ́yìn má pọ̀, kí owó ìpolówó tán kó tó dọ́jọ́. Àṣìṣe ni wọ̀nyẹn lóòótọ́. Èyí tó ń ba ilé jẹ́ kò sí nínú ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwà ni.

Ẹ jẹ́ ká wo irú ìwà náà lára alájọ. Ojoojúmọ́ ló ń wá pẹ̀lú káàdì rẹ̀. Ẹni tó ń dá ₦500 lójúmọ́ ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ₦500 ọjọ́ kan nínú oṣù, ti alájọ ni. Kò sí ẹni tó ń bínú sí i, torí kò fi pamọ́. Gbogbo ọjà mọ ilé rẹ̀. Kò ṣèlérí èrè fún ẹnikẹ́ni. Owó tí ẹ kó fún un ni yóò kó fún yín. Nínú èsùsù ẹ̀wẹ̀, bí ẹnì kan bá ti kó tirẹ̀ tán tó wá kọ̀ láti dá mọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó mú un wọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń lọ. Onígbọ̀wọ́ ni. Yóò san án, tàbí kó lọ mú ẹni rẹ̀ wá. Àwọn ìyá wa kò dúró de òfin ìjọba kí wọ́n tó ṣètò báyìí. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí a bá torí rẹ̀ kówó sílẹ̀ ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró, bó sọ ọ́ lẹ́nu bí kò sọ ọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Kim Kardashian, gbajúmọ̀ ará Amẹ́ríkà, polówó tókìn EthereumMax lórí Instagram. Ó fi àmì sí i pé ìpolówó ni. Ohun tí kò sọ ni pé $250,000 ni wọ́n san fún un. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àjọ SEC ti Amẹ́ríkà kéde pé ó ti gbà láti san $1.26 mílíọ̀nù, kò sì ní polówó irú ọjà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Kò ní òun jẹ̀bi, kò sì ní òun kò jẹ̀bi. Àwọn kan rò pé ìyà náà pọ̀ fún ẹni tó ti fi àmì sí i. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ pé wọ́n fún yín ní nǹkan kan kò tíì gbọ́ ohun tí yóò fi wọn ọ̀rọ̀ yín. Káàdì alájọ kò wulẹ̀ sọ pé alájọ ń gba nǹkan. Ó sọ iye rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀dọ́ tí wọ́n fún ní tókìn lọ́fẹ̀ẹ́, tó ń dúró kí àbúrò rẹ̀ rà kí òun lè tà, sọ iye tó gbà fún àbúrò náà kó tó sọ ohunkóhun nípa bí tókìn náà ti dára tó.

Ti OneCoin ni ó wá burú jù lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, Ruja Ignatova, tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, dúró níwájú èrò ní Wembley Arena ní Lọ́ńdọ̀nù, iná ń jó, orin ń dún, ó ní owó òun yóò borí Bitcoin. Àkọsílẹ̀ ìgbangba tí wọ́n ń pè ní blockchain, tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò, OneCoin kò ní irú rẹ̀ tòótọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, obìnrin náà wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Sofia lọ sí Athens, ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́ ní gbangba. FBI fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn mẹ́wàá tí wọ́n ń wá jù lọ ní ọdún 2022. Karl Greenwood, tí wọ́n jọ dá a sílẹ̀, tó sì darí àwọn tó ń tà á kiri, gba ẹ̀wọ̀n 20 ọdún ní ilé ẹjọ́ kan ní New York ní ọdún 2023. Ẹ ṣàkíyèsí iṣẹ́ tí Greenwood ń ṣe. Ìpolówó ni. Adájọ́ kò wò ó pé ẹnu lásán ló fi ṣe é.

Ìṣirò kan wà tí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe. Bí ₦100,000 bá ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, tí ẹni tó ni ín kò sì fọwọ́ kàn án, lópin ọdún kan yóò di ₦409,600,000. Lópin ọdún kejì, yóò ti ju tírílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà lọ. Iṣẹ́ wo ló wà láyé tó ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá, tí ẹni tó ni ín á tún wá máa tọrọ ₦100,000 lọ́wọ́ olùkọ́? Ọpọlọ pípé wà lára ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí. Ẹni tí kò ṣe ìṣirò yìí kó tó lọ pe ìyá rẹ̀ ti ṣe àìdáa, kódà bó bá gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ látọkànwá.

Nǹkan kan ń dùn mí ju gbogbo èyí lọ. Ìwé tó sọ ewu tó wà nínú tókìn, bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá tilẹ̀ wà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ní ìsàlẹ̀ ojúewé, pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ìlérí èrè ni wọ́n ń fi Yorùbá sọ. Mo ti gbọ́ fídíò tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pe “ẹ̀yin ìyá wa”, “ẹ̀yin bàbá wa”, tó kúnlẹ̀ lóhùn, tó gbàdúrà, tó ka èrè, tí kò fi Yorùbá sọ níbì kankan pé owó náà lè run pátápátá. Ìtẹríba ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹni tó fi í ṣí àpò àgbà ti sọ ohun tó dára jù nínú ẹ̀kọ́ ilé wa di irinṣẹ́. Bí ẹ bá mọ Yorùbá tó láti sọ pé “owó yín á bí sí i”, ẹ mọ̀ ọ́n tó láti sọ pé “owó yìí lè bọ́ sọ́nà, ẹ má fi owó ilé ìwé ọmọ tàbí owó ọjà sí i”. Kí gbólóhùn yẹn ṣáájú. Ọjà tí kò bá lè tà lẹ́yìn gbólóhùn yẹn kò yẹ ní títà fún ìyá ẹnikẹ́ni.

Ti àwọn tókìn tí wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́? Lọ́dún 2024, Hamster Kombat, eré orí fóònù kan, gba ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń tẹ fóònù. Nígbà tí wọ́n pín tókìn rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, ohun tó kan ọ̀pọ̀ wọn kò tó nǹkan, wọ́n sì yọ àwọn mìíràn kúrò pátápátá. Kò sí ẹni tó gba náírà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n àsìkò wọn lọ. Ẹ fi wé ohun tí àwọn Ethereum ṣe nígbà tí wọ́n ta ether, tókìn tiwọn, ní ọdún 2014. Wọ́n kéde iye rẹ̀ ṣáájú: ether 2,000 fún bitcoin kan láàárín ọjọ́ 14 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí iye tí olùrà yóò rí gbà máa dín kù. Wọ́n sọ iye tí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà àti àjọ wọn yóò kó. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí ẹ̀rọ Ethereum fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní oṣù keje ọdún 2015. Èyí kò sọ wọ́n di ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ wọn ọ̀rọ̀ wọn rí nǹkan tí yóò fi wọ̀n ọ́n kó tó san kọ́bọ̀.

Nínú àwọn ẹgbẹ́ Telegram, ìbéèrè ló ń tètè léni jáde. Èèyàn á béèrè ẹni tó ni tókìn tó pọ̀ jù àti ọjọ́ tó lè tà á. Kí ó tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ní ọ̀tá ni, wọ́n ti yọ ọ́. Abéèrè kì í ṣìnà ni wọ́n fi tọ́ wa, àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ wọ̀nyí sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń gba owó oṣù láti máa yọ abéèrè kúrò mọ ibi tí ọ̀nà náà ń lọ, tàbí kó jẹ́ pé kò fẹ́ mọ̀.

Àwọn tó ń polówó yóò ní àwọn ti kọ ọ́ sínú ìpolówó wọn pé kí kálukú ṣe ìwádìí tirẹ̀. Ẹni tó ti fi oṣù mẹ́ta wà nínú iṣẹ́ kan, tó mọ àwọn ọ̀gá rẹ̀, ń sọ fún obìnrin tó ń ta gaàrí pé kó lọ wádìí. Níbo? Òfin àwọn ìlú kan ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2023, ẹni tó ń ra kírípítò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 24 kó tún inú rò, wọn kò sì gbà kí ilé iṣẹ́ máa fún èèyàn ní ẹ̀bùn nítorí pé ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Òfin tuntun ti Nàìjíríà náà, ti ọdún 2025, fi ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn ńlá lélẹ̀ fún àwọn onísogúndogójì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ẹ má fún ẹ̀gbọ́n yín ní ọjọ́ kan kó rò ó, kí òfin tó fipá mú yín.

Mo mọ bí ebi ti rí. Dọ́là tí iṣẹ́ yìí ń mú wá lóṣù lè ju owó iṣẹ́ ìjọba lọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ wa, ẹni tó bá sì ní òun kò polówó tókìn kan nítorí pé àwọn tó ni ín kò sọ iye tó wà lọ́wọ́ wọn mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò gba iṣẹ́ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgboyà nìyẹn ń fẹ́, mo sì ń kan sáárá sí gbogbo ọ̀dọ́ tó ti ṣe é tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

Ó ku ti àwọn tó ti mú èèyàn wọlé, tí gbogbo rẹ̀ sì ti dàrú. Àwọn tó ti pa WhatsApp wọn, tí wọn kò gbé ìpè ẹ̀gbọ́n wọn mọ́, ń sọ pé àwọn náà pàdánù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, wọn kò sì lè dá gbogbo owó tó lọ padà. Ṣùgbọ́n owó referral, èrè tí wọ́n ń fún ẹni tó mú èèyàn wọlé, tí wọ́n ti gbà kó tó dàrú, kì í ṣe ọ̀gá kan ló yọ ọ́ láti inú àpò rẹ̀ fún wọn. Owó tí àwọn tí wọ́n mú wọlé san ni wọ́n gé lára rẹ̀. Ìyá aláṣọ ní Gbági ló ni ín, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú fóònù wọn.