Àtúnṣe àti Àtúnkọ́

Lẹ́yìn ilé kan ní ojúlé 367, òpópónà Addison, ní ìlú Palo Alto ní ìpínlẹ̀ California, ilé ìgbọ́kọ̀sí onípákó kékeré kan wà. Inú rẹ̀ ni William Hewlett àti David Packard ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1938. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ra ibẹ̀ ní 2000, wọ́n sì tún un ṣe ní 2005.

Ẹni tí ó bá ń yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò kì í fi ọ̀dà ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́. Ìdí ògiri ni yóò kọ́kọ́ wò, níbi tí pákó ti fara kan ilẹ̀. Yóò fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún un. Bí irin bá wọlé wẹ́rẹ́, omi tàbí ikán ti jẹ ẹ́ nínú.

Pákó mélòó ni a ó wá pààrọ̀ kí ilé náà tó di òmíràn? Èdè wa ya 'tún ilé ṣe' sọ́tọ̀ kúrò lára 'tún ilé kọ́', ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí ààlà wà. Ní tèmi, kì í ṣe iye pákó ni ààlà náà. Ẹni tí ó pààrọ̀ púpọ̀, tí ó sì kọ ọdún sí ẹ̀yìn pákó tuntun kọ̀ọ̀kan, àtúnṣe ni ó ṣe. Ẹni tí ó pààrọ̀ ẹyọ kan, tí ó wá sọ fún àlejò pé ti àtijọ́ ni, irọ́ ni ó kọ́ mọ́ ilé (àlejò a sì máa fẹ́ràn irọ́ náà, èyí ni ó le jù). Nítorí náà, nínú ìwé àyẹ̀wò, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wá ni orúkọ ohun tí wọn kò fọwọ́ kàn.