Ọfà Olóògùn Lójú Ifá

Ìbéèrè tí àlàyé yìí dá lé ni bóyá ó tọ́ kí ọdẹ tí ń fi ọrun àti ọfà ṣọdẹ fi oògùn sí ẹnu ọfà rẹ̀, kí ẹran tí ọfà náà bá bà lè tètè ṣubú, kí ó má sì sá lọ kú sí ibi tí ọwọ́ kò ní í tó o. Oríṣi oògùn méjì ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń jiyàn lórí rẹ̀ sábà máa ń pò wọ́n pọ̀: èkíní ni oró, èyí tí ó ń pa ẹran fúnra rẹ̀, èkejì ni oògùn tí ń mú kí ara ẹran rọ tàbí tí ń kùn ún lóorun, tí ó sì ń fi pípa sílẹ̀ fún irin ọfà tàbí fún ọ̀bẹ ọdẹ.

Ní Gouka, tí ó wà lábẹ́ Bantè ní ẹ̀ka Collines ní orílẹ̀-èdè Benin, àti ní gbogbo ilẹ̀ tí ó lọ láti ibẹ̀ dé Savalou, àwọn Ìṣà, Ifẹ̀ àti Máhì ni wọ́n jọ ń gbé, ọdẹ sì wà láàrin gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí Ifá ṣe wà láàrin wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Fá ni àwọn Máhì ń pè é. Igbó ìjọba tí ó wà ní Agoua, ní ilẹ̀ Bantè kan náà, pẹ̀lú ti Monts Kouffé àti ti Wari-Maro, ni ààbò tí ó ṣẹ́kù fún ọ̀pọ̀ ẹran igbó ní àgbègbè náà, nítorí pé oko iṣu àti oko kàsú ti gba ibi púpọ̀ tí ó jẹ́ igbó ọdẹ láyé àtijọ́. Ní irú ilẹ̀ báyìí, ọ̀nà tí a gbà pa ẹran kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdẹ nìkan mọ́.

Ewéko tí a mọ̀ jù lọ fún oró ọfà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ìṣágẹ̀rẹ̀, igi tí ń fà bí ìtàkùn, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Strophanthus hispidus. Irúgbìn rẹ̀ ni a ń lọ̀, tí a ń sè pẹ̀lú oje àwọn ewéko mìíràn títí yóò fi ki, kí a tó fi í ra ẹ̀yìn irin ọfà. Ohun tí ó wà nínú irúgbìn náà, tí wọ́n ń pè ní strophanthin, ọkàn ni ó ń kọlù: bí ó bá ti bá ẹ̀jẹ̀ lọ, lílù ọkàn yóò dàrú títí yóò fi dúró. Nítorí pé ara ènìyàn kì í gba púpọ̀ nínú rẹ̀ bí ó bá gba ẹnu wọlé, ọdẹ a máa gé ibi tí ọfà ti wọlé sọnù, wọn a sì jẹ ìyókù ẹran náà. Irú oró báyìí kan náà wà lẹ́nu ọfà àwọn ará Atakora, ní àríwá Benin, nígbà tí Kaba, olórí wọn, kó wọn dìde sí àwọn Faransé ní 1916 sí 1917.

Oògùn kejì kò ti inú igbó wá. Ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Mississippi, àwọn ọlọ́fà kan a máa fi àpò rọ́bà kékeré bọ ẹ̀yìn irin ọfà, wọn a sì rọ ìyẹ̀fun succinylcholine sínú rẹ̀, kí ó lè wọ ara àgbọ̀nrín nígbà tí ọfà bá wọlé. Oògùn ilé ìwòsàn ni succinylcholine. Àwọn dókítà ń fi í mú kí iṣan aláìsàn dẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ti rọ́bà èémí sí i lọ́nà ọ̀fun, ṣùgbọ́n wọn a kọ́kọ́ fi oògùn mìíràn kùn ún lóorun, nítorí pé succinylcholine fúnra rẹ̀ kì í mú oorun wá, kì í sì í pa ìrora. Iṣan nìkan ni ó ń sọ di aláìlágbára, títí kan iṣan tí a fi ń mí. Ẹran tí ó bá wọ̀ lára yóò ṣubú, kò ní í lè ké, kò ní í lè ju ìrù pàápàá, ṣùgbọ́n yóò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí i títí tí kò fi ní í mọ nǹkan mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, nítorí pé àánú ni àwọn tí ń gbè sẹ́yìn ọfà olóògùn ń fi ṣe ẹ̀rí.

Ifá, tí a fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ yìí, jẹ́ ètò ìmọ̀ tí ó pín sí odù 256: ojú odù 16 àti ọmọ odù 240. Lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan ni ẹsẹ wà, èyíinì ni ìtàn tí ó ń sọ orúkọ awo tí ó dáfá, ẹni tí wọ́n dá a fún, ìṣòro tí ó wà níwájú rẹ̀, ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú, àti bí ọ̀ràn ṣe rí nígbà tí ó rú u tàbí tí ó kọ̀ ọ́. Babaláwo, ẹni tí ó kọ́ àwọn ẹsẹ wọ̀nyí sórí, kì í wá orúkọ ohun tuntun nínú wọn. Ìwà tí ó jọ ìwà ẹni tí ń béèrè ni ó ń wá, kí ẹni náà lè rí ara rẹ̀ nínú ẹni àtijọ́ tí wọ́n dá Ifá fún.

Odù tí ó kọ́kọ́ yẹ kí a gbé yẹ̀ wò nípa ọ̀rọ̀ yìí ni Ìká-Òfún, nínú èyí tí a ti ka ìkìlọ̀ 16 tí a fún àwọn àgbà tí ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn yóò gbó, àwọn yóò tọ́. Lára ohun tí a sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má fi orúkọ ohun kan pe ohun mìíràn, àti pé kí wọ́n má gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú. Àwọn àgbà náà dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n ṣe ohun tí a ní kí wọ́n má ṣe, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn. Wọ́n wá ń pariwo pé Ọ̀rúnmìlà, òrìṣà Ifá, ni ó ń pa àwọn, Ọ̀rúnmìlà sì dá wọn lóhùn pé òun kọ́, pé ìkìlọ̀ tí wọn kò pa mọ́ ni.

Ìkìlọ̀ méjèèjì yìí bá ọfà olóògùn wí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà tí ó gbà bá a wí. Ẹni tí ó pe oògùn tí ń de iṣan ní oògùn oorun ti fi orúkọ ohun kan pe ohun mìíràn, irọ́ náà kò sì dúró sí ẹnu rẹ̀, nítorí pé ara ẹran náà ni ó ń sọ ọ́ di òótọ́: ẹran dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ọdẹ wò ó, ó sì gbà pé kò sí ìrora níbẹ̀. Ti ọ̀pá afọ́jú tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ọ̀pá kì í ṣe ojú, ṣùgbọ́n òun ni ó kù fún ẹni tí kò ní ojú. Bákan náà ni ẹsẹ̀ àti igbe ṣe jẹ́ ohun tí ó kù fún ẹran tí kò ní ọfà tí yóò ta padà. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé tàkúté náà ń gba ẹsẹ̀ ẹran, òtítọ́ sì ni, ìdí nìyí tí tàkúté fi yẹ kí ó ní ìbéèrè tirẹ̀. Síbẹ̀ ẹran tí tàkúté mú ṣì lè ké, ọdẹ sì lè gbọ́ kí ó yára wá. Succinylcholine gba ẹsẹ̀, ó gba igbe, ó sì fi ìmọ̀lára nìkan sílẹ̀ fún ẹran, èyí tí í ṣe ohun kan ṣoṣo tí ì bá dára bí ó bá gbà.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a má baà dẹ́bi fún ewé nítorí ọwọ́ tí ó lò ó. Ìtàn kan wà nínú ẹsẹ Ifá pé Ọ̀rúnmìlà rán Ọ̀sányìn, òrìṣà ewé, láti ṣán oko, ṣùgbọ́n Ọ̀sányìn kọ̀ láti ṣán ewéko kankan, nítorí pé bí ó ti ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń rí àìsàn tí ó ń wò. Ọ̀rúnmìlà mọ̀ nígbà náà pé ẹni yìí kì í ṣe ẹni tí a ń rán lọ sí oko, ó sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Ìṣágẹ̀rẹ̀ fi ìdí ìtàn yìí múlẹ̀ gan-an. Thomas Fraser ní Edinburgh ṣe ìwádìí lórí oró ọfà Strophanthus ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ó sì di 1906, Albert Fraenkel ti ń fún àwọn aláìsàn ọkàn ní strophanthin lábẹ́rẹ́ ní ìlú Strasbourg, tí ọkàn tí ó ti rẹ̀ sì ń le padà. Nítorí náà, ìdájọ́ ìṣágẹ̀rẹ̀ kò le tó ti oògùn kejì. Oró rẹ̀ kì í díbọ́n: ikú ni ó sọ pé òun jẹ́, ikú náà ni ó sì ń mú wá, ọdẹ àtijọ́ tí ọrun rẹ̀ kò lágbára tó láti fi irin lásán pa ẹran ńlá sì ní ìdí tí ó fi lò ó. Ìdí náà ni ó ti ń tán, kì í ṣe pé ewé náà di ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọlọ́fà tí ìrántí rẹ̀ so mọ́ Kétu, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Savalou. Ìtàn kan sọ pé ẹyẹ ńlá kan tí àwọn Ìyàmi, ìyẹn àwọn àjẹ́, rán bà sórí òrùlé ààfin ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà ọdún iṣu tuntun. Ọdẹ tí ó ní ogún ọfà ta á tì, ẹni tí ó ní ogójì ta á tì, ẹni tí ó ní àádọ́ta náà ta á tì, kí ẹni tí ó ní ọfà kan ṣoṣo tó ta á lulẹ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìtàn yìí sábà máa ń fi í yin ojú tí kì í tàsé, ṣùgbọ́n wọ́n ń fo apá kan nínú rẹ̀. Ìyá ọdẹ náà ti lọ sọ́dọ̀ babaláwo, ó ti gbé adìẹ tí a la àyà rẹ̀ sí ojú ọ̀nà, nígbà tí ẹyẹ náà sì tú ààbò ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè gba ẹbọ ni ọfà bà á ní àyà. Ẹni tí ń gbè sẹ́yìn ọfà olóògùn lè di apá yìí mú, kí ó béèrè pé kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹbọ tí ó tú ààbò ẹyẹ àti oògùn tí ó tú iṣan àgbọ̀nrín. Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a sáré kọjá rẹ̀.

Ìdáhùn tí ẹsẹ náà fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ ni pé ẹbọ jẹ́ ohun tí a fún ni. Ìyá náà san nǹkan fún àwọn tí wọ́n ni ẹyẹ kí ọmọ rẹ̀ tó gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, àwọn tí ó san án fún sì gbà á. Oògùn kò fún ẹran ní ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ni kò fún igbó; ó kàn dín iṣẹ́ ọdẹ kù ni. Ìtàn kejì, èyí tí àwọn Lukumí, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Cuba, ń pa, sì fi ibi tí irú ìdínkù bẹ́ẹ̀ lè jálẹ̀ sí hàn: wọ́n ní Ọ̀ṣọ́ọ̀sì mú ẹyẹ kan tí ó fẹ́ fi ta ọba lọ́rẹ, nígbà tí ó sì dé tí kò bá a mọ́, ó ta ọfà sójú ọ̀run pẹ̀lú àṣẹ pé kí ó wá ọkàn ẹni tí ó jí i rí, ọfà sì lọ bá ìyá rẹ̀, tí ó mú ẹyẹ náà láìmọ̀ pé ẹrù ọba ni. Ọfà yẹn kò tàsé. Ohun tí ó ṣe é ní burúkú ni pé ó gba iṣẹ́ tí ó yẹ kí ojú ọdẹ ṣe, ó lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wò ó wò kí ó tó bà. Ọfà olóògùn gba apá kan nínú iṣẹ́ yẹn, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ̀ pé níbikíbi tí ọfà òun bá bà lára ẹran, ẹran náà yóò ṣubú, kò ní ìdí tí yóò fi dúró de ìgbà tí ẹran bá kọ ẹ̀gbẹ́ sí i.

Síbẹ̀ ẹ̀bẹ̀ àánú wà, ó sì tọ́ kí a gbọ́ ọ. Ọfà lásán ń ṣe ẹran léṣe tí ọdẹ kò ní í rí mọ́, ẹran bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ̀rora fún ọjọ́ púpọ̀ nínú igbó. Bí oògùn kan bá wà tí ó ń kun ẹran lóorun ní tòótọ́, ṣé kò sàn jù? Ohun tí ó dojú ẹ̀bẹ̀ yìí dé ni pé oògùn oorun gidi kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ìwúwo ara ẹran mu, èyí tí ọdẹ tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn igi kò lè wọ̀n. Bí ó bá kéré, ẹran yóò sá lọ pẹ̀lú ọgbẹ́ àti òòyì, bí ó bá sì pọ̀, yóò di oró lórúkọ mìíràn, kí a má tilẹ̀ sọ ti àwọn tí yóò jẹ ẹran tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Pope and Young tí àwọn ọlọ́fà Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1961 lòdì sí ọfà olóògùn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí wọ́n ṣe àdéhùn ìdáàbòbò ẹ̀dá ní Algiers ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 1968 ní kí a dẹ́kun lílo oògùn, oró àti ohun ìjà olóró láìgbàṣẹ. Ní Benin, òfin ẹran igbó tí ó ní nọ́ńbà 2002-16, tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá 2004, ni ó ń ṣàkóso ọdẹ ṣíṣe.

Àṣẹ tí àdéhùn Algiers fi àyè sílẹ̀ fún ní ìlò tirẹ̀. Ní igbó Pendjari ní àríwá Benin, tí àjọ African Parks ti ń bójú tó láti 2017, àwọn dókítà ẹranko a máa kun erin lóorun kí wọ́n lè fi bẹ́líìtì tí ń fi ipa ọ̀nà rẹ̀ hàn sí i lọ́rùn, wọn a sì dúró tì í, wọn a máa ṣọ́ èémí rẹ̀, títí tí wọn yóò fi gún un ní abẹ́rẹ́ tí ń jí i. Àwọn wọ̀nyí náà gba ọ̀pá afọ́jú, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n dá a padà. Etorphine, ọ̀kan lára àwọn oògùn tí a ń lò fún ẹran ńlá bẹ́ẹ̀, lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bá wọ ara ènìyàn lè pa á, ìdí nìyí tí ẹni tí ń lò ó kò fi gbọ́dọ̀ wà láìní oògùn tí ń pa agbára rẹ̀ lọ́wọ́, tí kò sì fi yẹ kí ó wà nínú apó ọdẹ kankan, ì báà jẹ́ ní Gouka tàbí ní Mississippi.