Ta Ló Ń Ṣọ́ Ẹ̀rọ?

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí alákàn bá wá rí ẹ̀rọ tí yóò máa bá a ṣọ́rí ńkọ́, ẹ̀yin òǹkàwé wa? Ṣé ojú rẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé?

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1965, báálù Trident kan kó èrò láti Paris wá sí Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ ló sì gbé e kanlẹ̀. Ìgbì rédíò láti ilẹ̀ ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ lé: ọ̀kan ń sọ bóyá báálù yà sí ọ̀tún tàbí òsì, èkejì ń sọ bóyá ó ga jù tàbí ó rẹlẹ̀ jù. Rédíò mìíràn wà nínú báálù fúnra rẹ̀ tí ń wọn bí ó ti ga sílẹ̀ tó. Ohun rere ni, pàápàá nígbà kùrukùru. N kò bá a jà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ti ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2009. Báálù ilẹ̀ Tọ́kì kan, Boeing 737, fẹ́ balẹ̀ ní Schiphol ní Amsterdam. Ó ṣì ga tó nǹkan bí 2,000 ẹsẹ̀ bàtà nígbà tí rédíò apá òsì sọ pé ó ti kanlẹ̀. Ti apá ọ̀tún ń sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ti òsì ni ẹ̀rọ tó ń darí agbára ẹ́ńjìnì ń gbọ́. Ló bá dín iná kù pátápátá, bí ẹni tó ti délé.

Awakọ̀ mẹ́ta ló wà níwájú. Kí ló dé tí wọn kò tètè fura? Báálù ga díẹ̀ ju ọ̀nà rẹ̀ lọ, àwọn náà ń fẹ́ kí iná rọlẹ̀. Àṣìṣe ẹ̀rọ wá jọ ìgbọràn. Ìránṣẹ́ tó ṣàìgbọràn, kíá la ó mọ̀. Èyí tó ń ṣìnà lójú ọ̀nà tí a rán an gan-an ńkọ́? Kí wọ́n tó gbọ́ ìkìlọ̀, báálù kò ga tó 500 ẹsẹ̀ bàtà mọ́. Inú oko ló já sí. Nínú ènìyàn 135, àwọn 9 kú, awakọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára wọn.

Àwọn kan ní ẹ̀bi awakọ̀ ni, ó parí. N kò gbà pé ó parí. Ojú mẹ́fà ló yẹ kó rí aago ìyára. Ẹ̀bi tiwọn nìyẹn, ikú kò sì pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ènìyàn máa wo ohun tí kì í sábà ṣìnà, lójoojúmọ́, fún ọdún mẹ́wàá: ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, kò sì ní rí nǹkan kan. Àwọn tó ṣèwádìí ní Netherlands sì rí i pé irú rédíò bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe ségesège tipẹ́, ìròyìn rẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ Boeing.

Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, Boeing kọ̀wé sí àwọn tó ní irú báálù yẹn pé kí awakọ̀ máa ṣọ́ aago wọn dáadáa. Ìwé náà dára. Àbí awakọ̀ nìkan ló yẹ ká kọ ọ́ sí?