ÌJÀJÀ-BORÍ ABIDJAN ÀTI ÌRUN MÀGÁRÍBÌ

  

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Kí ẹnikẹ́ni má tètè fajú ro, n kò wá sọ pé bọ́ọ̀lù wíwò jẹ́ hàráámù. Nínú hádíìsì tí Bùhárí àti Músílímù gbà wá, àwọn ará Hábáṣà ń fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sálásí Ànábì (S.A.W.) ní Mẹ̀dínà, ìyá wa Àíṣátù sì fẹ́ wò wọ́n. Ànábì fi ara rẹ̀ ṣe ìbòjú fún un, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ìran náà fi sú Àíṣátù fúnra rẹ̀. Ẹ̀sìn tí ó gba irú èyí láàyè kì í ṣe ọ̀tá eré. Ohun tí ó wà lọ́kàn mi yàtọ̀ sí èyí.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ṣe ní Côte d'Ivoire ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 18 oṣù kìíní, ikọ̀ Super Eagles bọ́ sí pápá Ebimpé ní Abidjan láti kojú àwọn onílé. Ọ̀mì ni wọ́n ti ta pẹ̀lú Equatorial Guinea ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, góòlù kan sí ọ̀kan, nítorí náà kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 55, rẹfirí fún wa ní pẹnáritì nítorí pé wọ́n gbé Osimhen ṣubú, William Troost-Ekong sì gbá a wọlé. Góòlù kan ṣoṣo tí ó wọlé lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì àti lé díẹ̀ ni ó kù lẹ́yìn rẹ̀, níwájú èrò àwọn onílé tí wọ́n ń pariwo, a sì lè sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà gbọ̀n ju àwọn tí ó wà lórí pápá lọ.

Nígbà tí fèrè dún, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí létí omi níbí, láti Igbókòdá dé Ayétòrò. Wọn kò tíì pa jẹnẹrétọ̀ ilé bọ́ọ̀lù tí àríyànjiyàn fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ìyẹn kì í ṣe ìborí, wọ́n ní orí ló kó wa yọ. Àwọn kan ní ẹni tí ó bá lu onílé mọ́ inú ilé rẹ̀, kí ó gba èyí tí ó rí, kí ó má bèèrè bóyá ó dùn ún wò. Ẹlòmíràn ní kọ́ọ̀ṣì Peseiro ti kó èrò sẹ́yìn jù. Ẹlòmíràn ní ọgbọ́n rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ilẹ̀ ṣú wọn síbẹ̀.

N kò bínú sí àríyànjiyàn náà, ọ̀dọ́ tí kò bá lè jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, n kò mọ ohun tí yóò jiyàn lé lórí. Ìbéèrè kan ni mo ní: nígbà wo ni ẹ kírun Màgáríbì?

Ẹ má jẹ́ kí á tíì dáhùn. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ padà sí àwọn ìṣẹ́jú tí ó kẹ́yìn eré náà. Kí ni gbogbo wa ń sọ? Mùsùlùmí ń pe Ọlọ́hun, àwọn aládúgbò wa ọmọ ìjọ ń pe Olúwa. Ẹni tí kò tíì kí Àsùbá láti ọjọ́ Ajé, tí bọ́ọ̀lù bá ti sún mọ́ ilé Nwabali báyìí, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, yóò ní “Yà Ọlọ́hun, gbà wá.” Mo gbà pé òótọ́ ni ó ń sọ. Ìpè tí ó ti inú jìnnìjìnnì wá kì í ṣe ẹ̀tàn.

Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Àlùkùránì, àwa ará omi ló sì yẹ kó tètè yé jù. Nínú Súrà Yúnúsà, àyà 22 àti 23, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Atẹ́gùn rọra ń gbé wọn lọ, inú wọn ń dùn. Lójijì ìjì dé, ìgbì yí wọn ká níbi gbogbo, wọ́n sì rò pé ó ti parí. Nígbà náà ni wọ́n pe Ọlọ́hun tọkàntọkàn, wọ́n ṣèlérí pé bí Ó bá yọ wọ́n, àwọn yóò jẹ́ olùdúpẹ́. Ó yọ wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀, wọ́n sì padà sí ìwà wọn. Súrà Àǹkábúútù, àyà 65, tún sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Igbókòdá lọ sí etí òkun ní àsìkò tí omi ń bínú ti rí àyà yìí lójú. Ẹ rántí bí gbogbo inú ọkọ̀ ṣe máa ń dákẹ́, tí ètè àgbà àti ọmọdé ń mì. Ẹ sì rántí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀: ẹrù wọn ni.

Bí eré Abidjan náà ṣe rí nìyẹn. Ìgbì ni ìṣẹ́jú márùndínlógójì yẹn. Fèrè rẹfirí ni èbúté. Ta ni a dárúkọ nígbà tí a gúnlẹ̀? Troost-Ekong.

Ó tó àkókò láti dáhùn ìbéèrè Màgáríbì. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti Nàìjíríà ni eré náà bẹ̀rẹ̀. Ní agbègbè wa níbí, ní àárín oṣù kìíní, òòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Abala kìíní ìṣẹ́jú 45, pẹ̀lú àfikún díẹ̀, gbé wa dé ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyẹn ni pé bí òòrùn ṣe ń wọ̀, tí ládàánì ń pe ìrun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ń jáde lọ sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí ẹni pé nítorí tiwa ni wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Rákà mẹ́ta ni Màgáríbì. Pẹ̀lú àlùwàlá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò lè lọ sí i. Ọ̀pọ̀ wa fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà gbọ́ ìpolówó ọjà, tàbí a fi ra omi tútù. Nígbà tí eré parí, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù, àkókò Màgáríbì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó láti jiyàn. Ẹ má gbàgbé pé alẹ́ tí ó mọ́jú Jímọ̀ ni.

Ti ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gúúsù Áfíríkà ni a bá ta ní Bouaké, láti mọ ẹni tí yóò dé àṣekágbá, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ náà ni. Ẹ rántí bí ó ṣe rí: Osimhen gbá góòlù kejì wọlé, a fò sókè, ṣùgbọ́n nígbà tí rẹfirí wo ẹ̀rọ àwòtúnwò tán, ó fagi lé góòlù wa, ó sì fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa ní pẹnáritì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ní ẹ̀yìn wa. Ọ̀kan sí ọ̀kan. Wọ́n fi àkókò kún un, lẹ́yìn náà wọ́n gbá pẹnáritì, Nwabali mú méjì, a borí pẹ̀lú mẹ́rin sí méjì. Ìròyìn gbé e pé àwọn ènìyàn kan ní orílẹ̀-èdè yìí kú níbi tí wọ́n ti ń wo eré náà. Kí Ọlọ́hun tu àwọn ẹbí wọn nínú. N kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ikú lè ká ènìyàn mọ́ ibikíbi. Ṣùgbọ́n ikú tí ó lè wá láàárín abala kejì ni ó yẹ kí ó mú wa kírun láàárín ìsinmi. Àti pé alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, nínú oṣù Rájáàbù 1445, ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí káàkiri ayé ń rántí Isráà àti Miiráàjì, ìrìn àjò tí wọ́n ti fún Ànábì wa ní ìrun márààrún. Kí eré tó parí, Màgáríbì ti lọ, Ìṣáì ti wọlé.

Àwọn kan nínú yín ti bi mí pé ṣé a kò lè pa Màgáríbì pọ̀ mọ́ Ìṣáì ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Rárá o. Arìnrìn-àjò ní ìrọ̀rùn tirẹ̀ nínú Ṣẹ́ríà, apẹja tí ìjì ká mọ́ agbami náà sì ní tirẹ̀. Ẹni tí ó jókòó lórí bẹ́ńṣì tí ó ń wo tẹlifíṣàn kò sí nínú wọn. Ẹ ṣí Súrà Nísáì, àyà 102, kí ẹ wo bí Ọlọ́hun ṣe kọ́ Ànábì (S.A.W.) ní ìrun ojú ogun: apá kan nínú ọmọ ogun yóò kírun pẹ̀lú rẹ̀, apá kejì yóò máa ṣọ́ ọ̀tá, lẹ́yìn náà wọn yóò pààrọ̀, kí wọ́n sì mú ohun ìjà lọ́wọ́. Wọn kò fi ìrun sílẹ̀ níbi tí idà wà, àwa fi sílẹ̀ nítorí ìpolówó ọjà.

Ó ku ti àríyànjiyàn náà fúnra rẹ̀. Mùsùlùmí ní bí ó ṣe yẹ kí ó máa sọ̀rọ̀ nípa ìborí tí ó mì. Ní ọdún kẹjọ Hijirà, lẹ́yìn tí Mẹ́kà ṣí, ogun Húnáénì dé. Ẹgbẹ̀rún méjìlá ni àwọn Mùsùlùmí, ẹnu ya àwọn kan sí iye wọn, wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò ṣẹ́gun àwọn lónìí nítorí kíkéré. Àwọn tafàtafà Hàwásínì ti lúgọ sínú àfonífojì. Ọfà rọ̀jò, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí pẹ̀yìn dà. Ànábì (S.A.W.) dúró lórí ìbaaka rẹ̀ funfun kò yẹsẹ̀, Àbáàsì fi ohùn gbọọrọ pe àwọn Sàhábé padà, wọ́n sì borí. Ìjàjà-borí gidi nìyẹn. Ẹ wá wo bí Àlùkùránì ṣe sọ ọ́ nínú Súrà Táóbà, àyà 25 àti 26. Kò ka orúkọ àwọn tí wọ́n sá. Kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ pé pípọ̀ yín wú yín lórí, kò sì ṣe yín láǹfààní, ilẹ̀ há mọ́ yín, lẹ́yìn náà Ọlọ́hun sọ ìfọ̀kànbalẹ̀ Rẹ̀ kalẹ̀. Àìdára wa ni ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà, ẹni tí ó fún wa ní ìborí ni ó sì fi kádìí rẹ̀.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Bouaké, ife ti wà ní Àbújá lẹ́nu wa. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, a padà sí Ebimpé kan náà, láti bá Côte d'Ivoire kan náà ta. Àwọn wọ̀nyí ni Equatorial Guinea nà ní góòlù mẹ́rin sí òdo nílé wọn ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní, tí kọ́ọ̀ṣì wọn lọ, tí àwa ti kà kúrò. Troost-Ekong náà ló tún kọ́kọ́ gbá wọlé. Kessié dá a padà, Sébastien Haller sì parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 81, ẹni tí ó ń bá àìsàn jẹjẹrẹ jà ní ọdún 2022. Nígbà ayé Ànábì (S.A.W.), ràkúnmí rẹ̀ tí à ń pè ní Àdúbáì kì í jẹ́ kí ràkúnmí kankan ya òun nínú eré ìje, títí ará oko kan fi dé pẹ̀lú ràkúnmí tirẹ̀, tí ó sì yà á. Ó dun àwọn Sàhábé wọra. Bùhárí gbà á wá pé Ànábì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí nǹkan ayé tí yóò ga tí Ọlọ́hun kò ní í rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn Sàhábé kò na ràkúnmí náà, wọn kò sì bú ará oko. Àwa ńkọ́? A dojú èébú kọ Alex Iwobi títí ó fi kó àwọn àwòrán rẹ̀ kúrò lórí Instagram, tí Ahmed Musa, balógun ikọ̀ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí bíi tiwa, fi ní láti bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Súrà Hùjúráàtì, àyà 11, kọ yẹ̀yẹ́ fún ọkùnrin, ó sì tún dárúkọ obìnrin lọ́tọ̀. Ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ ń rò pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kò kàn yín, fóònù kan náà ni gbogbo wa jọ ń lò.

Ti tẹ́tẹ́, n kò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó fi owó ẹja sórí eré kò lè sọ pé ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ló ń mú àyà òun já. Súrà Máídà, àyà 90 àti 91, ti sọ pé èṣù ẹni ẹ̀kọ̀ ń fi tẹ́tẹ́ dá ìkórìíra sílẹ̀, ó sì ń fi dí wa lọ́wọ́ ìrun.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ wa ṣe ètò báyìí fún eré tí ó bá tún bọ́ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kí àwọn arákùnrin méjì lọ bá onílé bọ́ọ̀lù ṣáájú, kí wọ́n tọrọ àyè ẹní méjì sí ẹ̀yìn ilé tàbí sórí pákó èbúté. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, àwa ni a kéré jù ní Ìlàjẹ, ṣùgbọ́n n kò rò pé wọn yóò kọ̀ bí a bá fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n. Kí ẹni tí ó ń wò nílé ṣe àlùwàlá rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn arábìnrin má dúró dìgbà tí àwọn ọkùnrin bá dé kí wọ́n tó kírun, kí ọ̀kan nínú wọn ṣe límáámù fún àwọn yòókù bí wọ́n bá pé jọ. Ẹni tí ó bá ní omi kò sí, ẹnìkan ti bi Ànábì (S.A.W.) ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, ará omi bíi tiwa, tí omi mímu díẹ̀ ni wọ́n ń gbé dání sínú ọkọ̀. Ó dá a lóhùn pé mímọ́ ni omi òkun. Ní ti gábàsì, ẹni tí ó bá kẹ́yìn sí òkun ní agbègbè wa, kí ó yí díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, sí ìhà ibi tí òòrùn ti ń yọ. Bí wọ́n bá ti fọn fèrè ìsinmi, kí ẹnìkan dìde pe ìrun, kí ó má dúró de ẹlòmíràn.