Orógùn Tí A Gbẹ́ Fúnra Wa

Ṣé ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irinṣẹ́ sàn ju ẹni tí ó rà á lọ́jà lọ? Ìbéèrè yìí lè dà bí eré létí, ṣùgbọ́n ìkòkò ọtí kan ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìwà fún wa.

Ẹni tí ó bá ti pọn ọtí ọkà bàbà, èyí tí a mọ̀ sí tchakpalo ní agbègbè Ṣábẹ̀, mọ bí iṣẹ́ náà ti gùn tó. A ó rẹ ọkà sínú omi, a ó dúró títí yóò fi hù, a ó sá a sóòrùn, a ó lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó pò ó mọ́ omi, tí a ó sè é, tí a ó sì sẹ́ ẹ. Bí ọkà bá wà lórí iná, orógùn kì í sinmi: òun ni kì í jẹ́ kí ọkà dì mọ́ ìdí ìkòkò kí ó sì jóná.

Ní àkókò ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ kan, a kọ̀ láti ra orógùn. A gé ẹ̀ka igi kan lẹ́bàá oko, a bó èèpo rẹ̀, a sì gbẹ́ ẹ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó gún, ó sì dán. A fi rò ọtí tí a fẹ́ fi ṣe àlejò, ọtí náà sì korò. A ní ọkà ni kò dára. A ní ẹni tí ó lọ̀ ọ́ ni kò fọ ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyá kan tí ó ti ń pọn ọtí kí a tó bí wa kò bá wa jiyàn. Ó gbóòórùn orógùn náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ọmọ mi, lá orógùn rẹ wò.”

A lá a. Ọ̀rọ̀ tán.

Bí ó bá ṣe pé a rà á ni, à bá bú ẹni tí ó tà á, ọkàn wa ì bá sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò kò ní bá ọlọ́jà kankan sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó gbé igbá ọtí fún un ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Igi ọ̀bọ̀ wà nínú igbó, tí èèpo rẹ̀ jẹ́ májèlé tí àwọn ará àtijọ́ fi ń dán ẹni tí a fẹ̀sùn kàn wò. Igi ni òun náà, ọ̀bẹ sì lè gbẹ́ ẹ kí ó dán. Ọwọ́ tí ó mọ igi í gbẹ́ lè ṣàìmọ irú igi tí ó ń gbẹ́.

Nítorí náà, kì í ṣe ìgbéraga ni èrè ẹni tí ó ṣe irinṣẹ́ fúnra rẹ̀. Èrè rẹ̀ ni pé kò ní ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ẹni tí ó rà á náà jẹ àlejò rẹ̀ ní gbèsè kan náà; ọjà kàn ń ràn án lọ́wọ́ láti gbàgbé ni.

A da ọtí náà nù, a fi omi tútù ṣe àlejò, a sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Kí a tó gbẹ́ orógùn kejì, ọ̀dọ̀ ìyá náà ni a kọ́kọ́ lọ, láti béèrè irú igi tí a ó gé. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.