Ẹ Kú Ewu

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀wò: bí ọmọ ogun bá ti ilẹ̀ òkèèrè dé láàyè, tí ẹnìkejì rẹ̀ kò sì dé, ṣé ó tọ́ kó jó?

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí àwa tí a wà ní Àbújá. Bárékè kan wà ní Asokoro tó ń jẹ́ Mogadishu, orúkọ olú ìlú Sòmálíà, níbi tí wọ́n ti pa méje nínú àwọn ọmọ ogun wa lóṣù kẹsàn-án ọdún 1993, lẹ́nu iṣẹ́ àlàáfíà. Àwọn ECOMOG náà wọ Làìbéríà ní 1990. Ó di 1999 kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló bọ̀, ọ̀pọ̀ ni kò bọ̀.

Àwọn kan ní ká má yọ̀, nítorí opó. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Dáfídì ń sunkún Absálómù, àwọn tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là ń yọ́ wọ ìlú bí ẹni tó sá lójú ogun. Jóábù bá ọba wí, ó sì dìde lọ jókòó lẹ́nu ibodè láti gbà wọ́n.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ yàtọ̀ sí ayọ̀. Yorùbá kì í kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ó pa tó. "Ẹ kú ewu" là ń kí i. Ìkíni yẹn jẹ́wọ́ pé ó lè má bọ̀. Ẹni tó gbà á tọkàntọkàn kò ní gbàgbé ẹni tó kú.

Ibi tó kan wa jù ni ẹ̀rí tí à ń jẹ́ nínú ìdàpọ̀. Bí arákùnrin kan bá ní àdúrà ìyá òun ló mú bàbá òun bọ̀, kí ni ọmọ tí bàbá tirẹ̀ kò bọ̀ yóò gbọ́? Yóò gbọ́ pé àdúrà ìyá tòun kò tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12, Hérọ́dù fi idà pa Jákọ́bù, áńgẹ́lì sì yọ Pétérù lẹ́wọ̀n. Ta ló máa sọ pé Olúwa fẹ́ràn Pétérù ju Jákọ́bù lọ?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ láìṣàlàyé ohun tí Ọlọ́run kò ṣàlàyé. Ní January 15 ọdọọdún, bí wọ́n bá ti tú ẹyẹlé sílẹ̀ tán, kí ẹni tó wà nítòsí bárékè kí ẹni tó bọ̀ pé ẹ kú ewu, kó sì kan ilẹ̀kùn opó lọ́jọ́ náà gan-an.